Igi eléso àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀: kí la lè gbìn sábẹ́ máńgòrò àti ọsàn ní agbègbè Ìlọrin?

ỌmọÀjàṣẹ́ · oṣù kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóko. Mo ní ilẹ̀ kan lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ Ìpo, ẹ ó kọjá Ìdófìàn díẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, bíi púlọ́ọ̀tì mẹ́ta. Yanrìn ló bo òkè rẹ̀. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ dé orúnkún, tàràá pupa lẹ ó kàn. Máńgòrò méjì, ọsàn mẹ́rin, gúáfà kan àti ìbẹ́pẹ díẹ̀ ni mo fẹ́ kó síbẹ̀ bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbin igi kọ́ ni mo wá béèrè. Mo ń kà nípa ìlànà permaculture tí Bill Mollison àti David Holmgren gbé jáde ní Ọsirélíà ní 1978. Àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà yìí kì í dá igi eléso gbìn. Wọn a gbin igi kan sáàárín, wọn a wá fi oríṣiríṣi ewéko yí i ká, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀: èyí ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ, èyí ń bo ilẹ̀, èyí ń pe oyin wá, èyí ń da kòkòrò láàmú. Àmọ́ gbogbo àpẹẹrẹ tí mo rí, igi ápù ni wọ́n fi ṣe é, comfrey àti clover, àwọn ewéko ilẹ̀ òtútù, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlọrin wo ni wọ́n ti ń ta comfrey? Ẹ bá mi yan ẹmẹ̀wà tí oòrùn ibí kò ní pa.

ÌyáÌbejìGánmọ · oṣù kejì

Ọmọ mi, fi comfrey sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Lọ wo ẹ̀yìn balùwẹ̀ àwọn ìyá wa: ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, ìbẹ́pẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, efinrin àti ata wà níwájú, ewúro wà lẹ́bàá ọgbà, ẹlẹ́gédé sì ti gun orí ilé adìyẹ. Ta ló kọ́ wọn?

Àgúnmánìyẹ̀ fún ilẹ̀. Òtílí fún ilẹ̀ àti fún ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí láti bo ilẹ̀. Koóko ọba, tí wọ́n ń pè ní ewé tíì, yí etí rẹ̀ ká. Ó tó bẹ́ẹ̀.

KékeréỌ̀fà · oṣù kejì

Mà, ẹ dákun, èwo ni àgúnmánìyẹ̀ nínú gbogbo igi tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yìí?

ÌyáÌbejìGánmọ · oṣù kejì

Èyí tí kò ní ewé kankan lórí báyìí, tí òdòdó rẹ̀ bo ẹ̀ka látòkè délẹ̀, ó funfun ó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Òun ni wọ́n máa ń fi ṣe ọ̀pá iṣu tí ọ̀pá náà á sì hù.

BàbáÌgbàjà · oṣù kejì

Gbogbo ohun tí Ìyá Ìbejì kà sílẹ̀ ló dára, mi ò yọ ọ̀kan kúrò. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ti ìdí rẹ̀ wá.

Òjò tí ń rọ̀ ní Ìlọrin lọ́dún kan tó nǹkan bíi 1,200 mìlímítà. Òjò náà kò kéré. Wàhálà rẹ̀ ni pé láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ló ń rọ̀ tán. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ohun tí ilẹ̀ bá fi pa mọ́ ni igi ó mu. Nítorí náà kí ẹ tó gbin ewéko kan sábẹ́ igi, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè: nínú oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ṣé ìwọ yóò máa bá igi yìí du omi ni, àbí ìwọ yóò ti kú, tí òkú rẹ yóò máa bo ilẹ̀ fún un?

Bí mo ṣe ń pín wọn nìyẹn. Ẹmẹ̀wà òjò wà: ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, ẹ̀wà, ẹlẹ́gédé, ilá, tẹ̀tẹ̀. Wọ́n bá òjò dé, wọ́n á bá òjò lọ. Bí wọ́n bá ti gbẹ, ẹ má fà wọ́n tu. Ẹ gé wọn nílẹ̀, kí gbòǹgbò wọn jẹrà síbi tó wà, kí ìtàkùn wọn di ìbora. Ẹmẹ̀wà onílé náà wà: àgúnmánìyẹ̀, òtílí, koóko ọba, ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Àwọn yìí kì í bá òjò lọ, torí náà ibi tí ẹ bá fi wọ́n sí ni wọn ó jókòó sí. Gbòǹgbò àgúnmánìyẹ̀ àti ti òtílí a máa wọlẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ìdí igi kékeré ju mítà méjì lọ. Nígbà tí òjò bá ku díẹ̀ kó dá, láti ìparí oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kẹwàá, ẹ bẹ́ orí àgúnmánìyẹ̀ wálẹ̀ dé ìbàdí yín. Igi tí kò léwé lórí kì í mu omi tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbin ẹmẹ̀wà tí wọn kì í bẹ́ ẹ, tí wọ́n á máa ní ilẹ̀ àwọn ò dáa.

Ewé tí ẹ bá bẹ́ yẹn, ẹ má gbójú lé e pé yóò bo ilẹ̀ títí òjò mìíràn. Ewé àgúnmánìyẹ̀ kì í pẹ́ jẹrà, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti yọ́ tán. Oúnjẹ ilẹ̀ ni. Ohun tó ń bo ilẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn ni èyí tó le: pòròpórò àgbàdo àti ti ọkà bàbà, koóko gbígbẹ, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, èèpo ẹ̀pà. Ẹ tẹ́ ewé tútù sísàlẹ̀, ẹ fi pòròpórò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Kí ìbora má fara kan igi o. Ẹ fi àyè tó àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ yí i ká. Ọsàn ló tún wá burú jù níbẹ̀: bí ohun tútù bá ń sun ti èèpo ìdí rẹ̀ nígbà òjò, ìdí náà a máa rà, oje a máa sun níbẹ̀, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti orí.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ gbin nǹkan sábẹ́ igi. Ẹ wo igi irú àti igi òrí láti Ìfẹ́lódùn lọ dé Mọ́rò. Àwọn baba wa kì í gé wọn bí wọ́n bá ń pa oko tuntun, iṣu àti ọkà ni wọ́n ń kọ yí wọn ká.

OníléTánkẹ · oṣù kejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má torí igi kó ejò wá bá wa nílé. Gbígbá ni bàbá wa ń gbá abẹ́ máńgòrò, àràárọ̀ ni, títí ilẹ̀ á fi máa dán. Kò sí koríko, kò sí ejò, kò sí akèékèé. Máńgòrò yẹn ń so títí dòní. Ta ló wá ní igi ò lè dá wà?

BàbáÌgbàjà · oṣù kejì

OníléTánkẹ, máńgòrò tí ẹ ń sọ yẹn ti dàgbà. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ dé ibi tí ìgbálẹ̀ ò dé, kò sóhun tí ẹ ṣe lókè tó kàn án mọ́. Igi ọdún kìíní là ń sọ. Ẹ da omi sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbá títí tó fi le, ẹ wò ó bóyá yóò wọlé tàbí yóò ṣàn lọ sí gọ́tà.

Ti ejò, òótọ́ lẹ sọ, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ òfìfo dá yín lóhùn. Ní àyíká ilé, ohun kúkúrú nìkan ni kí ẹ gbìn, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà tí ẹ ń rìn mọ́, ẹ má sì kó òkìtì ewé jọ síbì kan. Ẹlẹ́gédé àti ànàmọ́ tó ń gbòòrò, oko ni tiwọn.

AlfaOlóko · oṣù kejì

Sàláámù aleekun o. Ẹ̀yin ń bẹ̀rù ejò, èmi iná ni mò ń bẹ̀rù. Ní oṣù kìíní sí oṣù kejì, gbogbo ìbora tí Bàbá ń sọ yìí ti di ohun ìdáná. Àwọn tó ń fi iná wá ẹran nínú ìgbẹ́ ò ní béèrè ààlà yín. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ ro etí ilẹ̀ yín yípo, ó kéré tán mítà méjì, kó mọ́ dé ilẹ̀ pupa. Níbi yẹn, èmi àti OníléTánkẹ jọ wà ní ẹ̀yìn ìgbálẹ̀.

Ẹran ọ̀sìn ńkọ́? Ewúrẹ́ fẹ́ràn àgúnmánìyẹ̀, bí ẹ bá fi í ṣe ọgbà ìta ẹ ti gbé oúnjẹ fún wọn. Làpálàpá ni kí ẹ fi sí ìta, ewúrẹ́ àti màlúù kì í jẹ ẹ́. Kí àgúnmánìyẹ̀ wà nínú. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ẹ bá sì gbìn yí ìdí igi kékeré ká, ẹ̀gún ewé rẹ̀ a máa jẹ́ kí ewúrẹ́ ronú lẹ́ẹ̀mejì, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè omi.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà àti ẹ̀wà tí wọ́n ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ: ẹ lè fojú ara yín rí i. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, ẹ rọra hú ìdí kan, ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò. Ẹ la ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá funfun tàbí tó dà bí àwọ̀ ewé, kò tíì ṣe nǹkan kan tàbí ó ti parí iṣẹ́. Ẹni tó bá wá kórè ẹ̀pà tán tó kó ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ lọ sílé fún ewúrẹ́, ó ti kó ohun tí ilẹ̀ ní lọ.

Àgúnmánìyẹ̀ yìí náà ni B. T. Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, gbìn ní ìlà ìlà láàárín àgbàdo, tí wọ́n ń bẹ́ ewé rẹ̀ bo ilẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀. Làálàá bíbẹ́ ló lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò níbẹ̀, torí àkókò tí ó yẹ kí wọ́n bẹ́ ẹ náà ni àkókò tí wọ́n yẹ kí wọ́n ro oko. Fún igi méje tàbí mẹ́jọ, àdá kan àti ọ̀sán Sátidé kan ti tó.

ỌmọÀjàṣẹ́ · oṣù karùn-ún

Ẹ kú òjò o. Òjò ti dé dáadáa, mo ti gbin igi. Máńgòrò síra wọn, mítà mẹ́wàá. Ọsàn, mítà méje. Àyè tó ṣẹ́ kù láàárín wọn pọ̀ débi pé ojú ń tì mí. Àgbà kan nítòsí oko ní kí n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sáàárín ọsàn, pé yóò ṣíji bò ó. Kí lẹ rí sí i?

ÌyáÌbejìGánmọ · oṣù karùn-ún

Àgbagbà dára níbi tí omi bá wà. Ṣé omi wà lóko rẹ? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò bá rí omi lẹ́ẹ̀rùn Ìlọrin, yóò kọ́kọ́ mu ti ọsàn tán kó tó wó. Gbìn ín sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ rẹ, níbi tí àgbàrá ń kọjá, kí ó jìnnà sí ọsàn. Bí o bá kórè rẹ̀ tán, gé igi rẹ̀ wẹ́wẹ́, la á sí méjì, tẹ́ ẹ yí ìdí igi eléso ká, kí inú rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Omi tó wà nínú igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe díẹ̀.

BàbáÌgbàjà · oṣù karùn-ún

Mo bá a gbè é. Ìbẹ́pẹ ló yẹ àárín ọsàn. Orí rẹ̀ kéré, kì í jí oòrùn púpọ̀, láàárín ọdún kan ó ti ń so, nígbà tí ọsàn bá sì fẹ́ àyè, ìbẹ́pẹ ti gbó, ẹ ó gé e. Ẹ gbin mẹ́ta sójú kan, ẹ má yọ ìkankan títí wọn ó fi tanná. Akọ ni èyí tí òdòdó rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ lórí ọ̀pá gígùn. Abo ni èyí tí òdòdó rẹ̀ sún mọ́ ara igi tímọ́tímọ́. Ẹ fi abo sílẹ̀. Akọ kan tó fún abo mẹ́wàá.

Ẹ má gbin ìbẹ́pẹ síbi tí omi ń dá sí. Ọjọ́ díẹ̀ nínú omi, ìdí rẹ̀ ti rà.

KékeréỌ̀fà · oṣù karùn-ún

Kajú ńkọ́? Bàbá mi ní kajú lẹ́yìn Ọ̀fà, mo fẹ́ ṣe irú nǹkan yìí lábẹ́ rẹ̀.

AlfaOlóko · oṣù karùn-ún

Kajú kékeré, bẹ́ẹ̀ ni, ọdún mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́: ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà. Kajú tó ti dàgbà, rárá. Orí wọn á ti pàdé, òòjì á bo gbogbo ilẹ̀. Èkejì ni pé kóró kajú ń já bọ́ sílẹ̀ ni láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ilẹ̀ ni ẹ ti ń ṣà á. Bí ìtàkùn bá bo ibẹ̀, kóró ò níí hàn, ẹni tó ń ṣà á yóò sì bú yín.

ỌmọÀjàṣẹ́ · oṣù keje

Ẹ̀gúsí ti gun orí ọsàn mi o!

ÌyáÌbejìGánmọ · oṣù keje

Dá orí ìtàkùn náà padà sílẹ̀, kí o máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá débẹ̀. Bí o kò bá lè máa lọ déédéé, ẹ̀pà ni kí o gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀pà kì í gùn.

KékeréỌ̀fà · oṣù kẹjọ

Òjò ti sinmi díẹ̀ níbí. Ẹ̀gúsí ti gbẹ, a ti kó o, ilẹ̀ sì ti ń hàn gbangba. Ṣé a ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?

BàbáÌgbàjà · oṣù kẹjọ

Ẹ má fi ilẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò nígbà tí òjò kejì ṣì ń bọ̀. Ẹ̀wà ni ti àkókò yìí. Láti àárín oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ẹ kó o sínú ilẹ̀. Yóò fi òjò ìkẹyìn dàgbà, yóò gbẹ nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti gbẹ, kóró rẹ̀ ò sì ní bu. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ̀wà náà, ẹ ó dojú kọ kòkòrò nígbà tó bá ń tanná, ẹ ò ní lè sá fún un. Bí ó bá jẹ́ ìbora nìkan lẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kí kòkòrò jẹ tirẹ̀.

Ẹ má gbẹ́ ebè sítòsí igi o. Ìka gbòǹgbò tí ń jẹun wà lókè ilẹ̀, ọkọ́ a máa gé e. Ẹ fi ọ̀bẹ tàbí igi lu ihò, ẹ ju kóró sí i. Nítorí ọkọ́ yìí náà ni mi ò ṣe fẹ́ ànàmọ́ nítòsí igi. Bíbo ilẹ̀, ó mọ̀ ọ́n bò. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wà á ni ìjà.

OníléTánkẹ · oṣù kẹjọ

Ẹ wò ó, mo ṣì ń gbálẹ̀ o. Àmọ́ gúáfà mi ń so lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ló ní ìdin nínú. Ewéko wo lẹ fẹ́ gbìn tó máa lé ìyẹn?

AlfaOlóko · oṣù kẹjọ

Kò sí ewéko tó máa lé e, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Eṣinṣin èso ni. Ọ̀kan nínú wọn wá láti Éṣíà, Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà ní 2003, kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Máńgòrò àti gúáfà ló fẹ́ràn jù. Ohun tí ìgbálẹ̀ yín wúlò fún nìyí: ẹ máa ṣa gbogbo gúáfà tó bá já sílẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, ẹ so ó pinpin, ẹ gbé e sínú oòrùn títí gbogbo ìdin inú rẹ̀ ó fi kú. Ẹ má dà á sórí ààtàn.

Bí ẹ bá sì rí èèrà pupa tí ń so ewé pọ̀ fi ṣe ilé lórí máńgòrò yín, ẹ má dáná sun ún. Ní orílẹ̀-èdè Benin tí Bàrùtẹ́n ní Kwara wa bá pààlà, wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ nínú oko máńgòrò: níbi tí èèrà náà bá pọ̀ sí, ìdin inú èso dín kù gidi. Bí ó bá géni jẹ, ó máa ń dunni o, ẹni tó máa gun igi kó mọ̀.

OníléTánkẹ · oṣù kẹjọ

Wọ́n wà lórí máńgòrò bàbá wa yẹn. A máa ń fi kẹrosíìnì lé wọn ni.

AlfaOlóko · oṣù kẹjọ

Ẹ sinmi kẹrosíìnì.

ỌmọÀjàṣẹ́ · oṣù kẹwàá

Ẹ kú ìgbà. Jogbo ti ń tanná yẹ́lò létí títì láti Gánmọ títí dé Àjàṣẹ́. Ẹnì kan ní ajílẹ̀ ni. Ṣé òótọ́ ni, kí n máa gé e?

BàbáÌgbàjà · oṣù kẹwàá

Òótọ́ ni. Ewé rẹ̀ lọ́ràá fún ilẹ̀ púpọ̀, ó sì ń tètè jẹrà. Ẹ gé e nísinsìnyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná, kó má tíì gbó. Bí ẹ bá kó èyí tó ti ní kóró wọ oko, ẹ ti gba àlejò tí kì í lọ. Ẹ ṣe é bí àgúnmánìyẹ̀: òun nísàlẹ̀, pòròpórò lórí. Ewé Akíntọ́lá náà ṣeé lò bákan náà kó tó tanná.

Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ló yẹ kí ẹ ti bẹ́ àgúnmánìyẹ̀. Kí ìbora bọ́ sórí ilẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Ẹni tó bá bo ilẹ̀ gbígbẹ, gbígbẹ náà ló bò mọ́lẹ̀.

ỌmọÀjàṣẹ́ · oṣù kẹwàá

Mo ti gbọ́, sà. Àgúnmánìyẹ̀ mi ò tíì ga tó ohun tí wọ́n ń bẹ́, mo gé òtílí díẹ̀ àti jogbo. Ohun tó kù tó ń kọ mí lóminú ni omi. Kò sí kànga, kò sí bóhòlù. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo máa ń lè débẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ni mo fi ń gbé omi nínú ọkọ̀.

ÌyáÌbejìGánmọ · oṣù kẹwàá

Lọ sí Dàda, ní Òkèlele, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò. Ra ìkòkò amọ̀ kọ̀ọ̀kan fún igi kọ̀ọ̀kan, èyí tó lè gba omi tó gárawà kékeré kan. Gbẹ́ ilẹ̀ ní nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí ìdí igi, ri ìkòkò náà mọ́lẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ nìkan yọ síta, rọ omi kún un, fi àwo amọ̀ tàbí òkúta pẹlẹbẹ dé e kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbẹ ni yóò máa fa omi la ara ìkòkò kọjá díẹ̀díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù, kì í fà. Omi tí o bá bù sí ilẹ̀ lásán, oòrùn ló ń mu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Sọ fún wọn o, kí wọ́n má fi omi èèpo irú kùn ún. Wọ́n máa ń fi í pa ojú ìkòkò dé kó má baà jò. Ìwọ, èyí tó ń jò lo fẹ́. Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì tà á fún ọ.

KékeréỌ̀fà · oṣù kẹwàá

Ẹ̀yin mà, mo ní láti béèrè: kò ní fọ́ bí gbòǹgbò bá tóbi?

ÌyáÌbejìGánmọ · oṣù kẹwàá

Ó lè fọ́. Nígbà yẹn igi ti kúrò lọ́mọdé, kò nílò rẹ̀ mọ́. Èèrùn méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo wàhálà yìí wà fún.

ỌmọÀjàṣẹ́ · oṣù kọkànlá

Ìkòkò ti wọlẹ̀, etí oko ti mọ́ yípo. Ikán ti dé báyìí. Wọ́n ti mọ erùpẹ̀ bo pòròpórò, mo sì rí i pé wọ́n ti ń gun ìdí máńgòrò kan. Ṣé kí n kó ìbora kúrò ni?

AlfaOlóko · oṣù kọkànlá

Má kó o. Ohun gbígbẹ ni ikán fẹ́ràn jù. Bí o bá kó pòròpórò lọ, igi tútù nìkan ni yóò kù fún wọn láti jẹ. Sún ìbora sẹ́yìn kúrò lára igi, kí àyè tí Bàbá sọ yẹn hàn dáadáa. Gbá erùpẹ̀ tí wọ́n mọ sára igi kúrò, kí o da eérú sí àyè náà. Eérú ò lágbára púpọ̀, òjò kan ló ń ṣàn án lọ, àmọ́ kò sí òjò báyìí. Bí o bá débẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, wo ìdí igi kí o tó wo ohunkóhun mìíràn. Igi tí òùngbẹ ń gbẹ ni ikán ń kọ́kọ́ bá jà, nítorí náà rọ omi sí ìkòkò máńgòrò yẹn ṣáájú ti ọsàn.

OníléTánkẹ · oṣù kejìlá

Ọ̀rọ̀ omi yìí, máńgòrò ńlá tiwa ńkọ́? Bóhòlù wà nílé, ọmọ mi fẹ́ máa fi họ́ọ̀sì bomi rin ín láti báyìí lọ kó lè so púpọ̀.

BàbáÌgbàjà · oṣù kejìlá

Ẹ má jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Máńgòrò àgbà nílò gbígbẹ ilẹ̀ àti òtútù òru ọyẹ́ kó tó lè tanná. Bí ẹ bá ń bomi rin ín ní àkókò yìí, ewé ni yóò máa yọ. Ẹ dúró títí èso wẹ́wẹ́ bá ti hàn lórí rẹ̀, nígbà náà ẹ lè fún un lómi bí ẹ bá ní omi tó pọ̀. Ọsàn náà fẹ́ràn kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ díẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ìgbà yẹn ló ń tanná. Igi kékeré tí kò tíì tó so ni kì í ní ìsinmi omi.

KékeréỌ̀fà · oṣù kìíní

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tèmi lọ́dún yìí, ní ẹ̀gbẹ́ kajú, níbi tí ilẹ̀ ṣì ṣófo. Ọsàn mẹ́ta péré. Níbo ni mo ti lè rí ọ̀pá àgúnmánìyẹ̀?

ÌyáÌbejìGánmọ · oṣù kìíní

Wá sí Gánmọ. Ewé rẹ̀ ti ń wọ́, ìgbà tó bá ti wọ́ tán, tí òjò sì ku díẹ̀, ni ọ̀pá rẹ̀ máa ń hù jù. Èyí tó tóbi tó ọrùn ọwọ́ ni kí o gé, kó gùn tó ìbú apá rẹ kan tàbí kó lé díẹ̀. Gé ìdí rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí o lè mọ èyí tó jẹ́ ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá dorí rẹ̀ kodò, kò ní hù. Kó wọn sí abẹ́ òòjì títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀.

Mo ní ìlà kan lẹ́yìn ilé tó yẹ ká bẹ́. Mú àdá tìrẹ dání, tèmi ò mú. Mú àpò sìmẹ́ǹtì méjì náà, ọmọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó pọ̀ níbí tí mi ò rí ẹni kó o fún.

ỌmọÀjàṣẹ́ · oṣù kìíní

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún èmi náà. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.